Gaynor, Obìnrin Tó Ń Wo Ẹ̀yìn Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí o bá gbé abọ́ oúnjẹ síwájú Gaynor Tunnicliffe, kì í kọ́kọ́ wo oúnjẹ. Yóò gbé abọ́ náà sókè, yóò yọjú wo ìdí rẹ̀, yóò ka orúkọ ilé-iṣẹ́ tó mọ ọ́n, ìgbà yẹn ni yóò tó dúpẹ́. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ọmọ Stoke, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìlú amọ̀kòkò ni. Abọ́ ni bàbá wọn mọ, abọ́ ni ìyá wọn kùn lọ́dà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mo gbé ìrẹsì fún aládùúgbò mi kan, díẹ̀ ló kù kó da ọbẹ̀ sára nítorí kó lè mọ ibi tí wọ́n ti mọ abọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, èmi náà ti ń yẹ ìdí abọ́ wò.

Gaynor ni ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ wa ni kí a máa yẹ iná inú ilé wò, kí a sì fún onílé ní ìwé ẹ̀rí pé wáyà rẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe iṣẹ́ yìí ló bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kun òdòdó sára ife ní Burslem, Gaynor pẹ̀lú sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Ó ti bí ọmọ méjì kó tó lọ jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá ọkọ ló wá wá. Gaynor ní òun ti ní ọ̀kan nílé tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó bá wù ú kó wá mú un. Wọn kò tún bi í léèrè mọ́.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa, tí wọ́n bá wọ ilé, wọ́n á mú sọ́kẹ́ẹ̀tì díẹ̀ láàárín púpọ̀, wọ́n á dán ìyẹn wò, wọ́n á ní ìyókù náà á dára. Òfin iṣẹ́ gbà wọ́n láàyè. Gaynor kò gbà. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa ń tú kúrò lára ògiri, á yí i padà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ fínnífínní bí ẹni ń wo ìdí abọ́. Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, torí èmi ni mo ń dá gbogbo wọn padà sára ògiri, orúnkún mi kì í sì í ṣe ti ọmọdé mọ́.

“Gaynor, ṣé ibí lo fẹ́ ká sùn ni?”

“Pẹ́pẹ́yẹ mi, ohun tó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, onílé fẹ́ ká rí i. Èyí tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni mò ń wá.”

Má jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ yẹn yà ọ́ lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn níbí nìyẹn, àti ọmọdé àti àgbà, àti nọ́ọ̀sì àti ọlọ́pàá. Ìfẹ́ ni. Ó kọ́kọ́ jọ èébú létí mi, títí di ìgbà tí àlùfáà pàápàá pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá gba kámú.

Láyé àtijọ́, kò sí nǹkan kan nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ju irin àti ike lọ. Ní báyìí, ó ti ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà fóònù bọ̀ tààrà, òmíràn sì wà tó ń dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n bí iná bá ṣàdédé ru sókè. Ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ ló wà nínú wọn, ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ náà ló sì ń dà wá láàmú. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá awọ tó bo wáyà ṣì dára, a óò pa iná ilé, a óò fi ẹ̀rọ ìdánwò wa ti iná tó le ju ti ilé lọ sínú wáyà náà. Bí awọ bá dára, iná kò ní rí ibi jò sí, nọ́ńbà á ròkè. Bí awọ bá ti bó, iná á jò, nọ́ńbà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbé díẹ̀ mì nínú iná ìdánwò yìí, nọ́ńbà á sì wálẹ̀ bí ẹni pé wáyà ló bàjẹ́, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe wáyà. Nítorí náà, àwáwí kan ti wà nílẹ̀ tí gbogbo wa máa ń rí gbá mú: sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú fóònù ló fà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ sì ni.

Àwáwí yìí ni mo gbé sọ́kàn lọ sílé Neville Bloor.

Ilé kékeré kan ni, ní Smallthorne, tó fara ti ilé mìíràn lọ́tùn-ún lósì. Ìyàwó Neville ti kú. Ìdí iná tí wọ́n fi ń sun abọ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbígbé abọ́ gbígbóná sì ti sọ ìka rẹ̀ di pákó; ó lè mú ife tíì tó ń hó láìdi etí ife náà mú. Ọmọbìnrin rẹ̀, Leanne, wà nílé ìwòsàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló dá a dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí yóò jáde. Leanne ní ọmọbìnrin kan, Keeley, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ́dọ̀ ìjọba, Rukhsana Mirza, ti gbà pé Keeley lè máa bá bàbá àgbà rẹ̀ gbé, bí ilé bá ti yẹ fún ọmọdé. Ó kù kí iná gba ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá rí i gbà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìdílé kan wà létí òkun, ọ̀nà jíjìn réré, tí Keeley kò mọ̀ rí, tí wọ́n ti ṣe tán láti gbà á.

Neville kò tíì jẹ́ kí a gbé àpótí iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó fà wá gòkè lọ wo yàrá ọmọ náà. Ó ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ó ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú fóònù kan síbẹ̀, ó sì kan pẹpẹ kan mọ́ ògiri lókè rẹ̀ gan-an, pákó tó dán lórí irin méjì.

“Torí kí fóònù rẹ̀ lè jókòó lórí pẹpẹ, kí wáyà má balẹ̀,” ó wí. “Wọ́n ní ọmọ ìwòyí kì í sùn bí fóònù ò bá sún mọ́ wọn.”

“Ta ló bá yín ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì?” Gaynor bi í.

“Èmi náà ni. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Mẹ́rin ni mo ṣe, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n.”

“Ẹ mà kú iṣẹ́ o. Tí mo bá wo bí wọ́n ṣe ń yọ eyín lórí fóònù, ṣé ẹ máa ya ẹnu fún mi?”

Neville rẹ́rìn-ín, ó lọ po tíì. Ó gbé e wá pẹ̀lú àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọkà ṣe níbí, ó ti ká wàràkàṣì sínú rẹ̀. Gaynor yẹ ìdí abọ́ wò, ó ní, “Áà, ilé-iṣẹ́ ìyá mi.” Inú Neville dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

A pa iná, a so ẹ̀rọ mọ́ wáyà tó ń lọ sí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Nọ́ńbà wálẹ̀. Kò wálẹ̀ díẹ̀, ó ṣubú yakata.

“Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú fóònù ni,” mo wí. Kò tiẹ̀ gba kí n ronú. “Mẹ́rin ló ní. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ inú wọn ló fà á, ká máa lọ.”

Gaynor ṣì ń wo ẹ̀rọ. Fóònù rẹ̀ dún. Adrian Machin ni, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ wa, tó máa ń jókòó sí ọ́fíìsì máa ka ilé tí a kò tíì dé.

“Kí ló ń dá yín dúró níbẹ̀?”

“Nọ́ńbà wálẹ̀.”

“Ṣé ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú fóònù?”

“Mẹ́rin.”

“Kí lo tún wá ń wò? Kọ ọ́ síbẹ̀, kí o bọ́ síta.”

“Tí mo bá yọ wọ́n tí nọ́ńbà ròkè, mà á kọ ọ́.”

“Gaynor, ilé mìíràn ń dúró dè yín.”

“Kí ó jókòó,” Gaynor wí, ó pa fóònù.

Ohùn Machin ròkè, Neville ti gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́, ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀.

“Gaynor, pẹ́pẹ́yẹ mi, ẹnìkejì rẹ sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀gá rẹ sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n. Kí lo tún ń fẹ́? Tí ìwé yẹn ò bá jáde, wọ́n á mú ọmọ yẹn lọ. Kò tíì sùn níbi tí ìyá rẹ̀ kò sí rí, àfi ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Mo gbọ́, Neville. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

“O fẹ́ wá nǹkan tí kò sọnù.”

Kí n má purọ́, ti Neville ni mo ṣe. Lójú mi, agídí ló ń ṣe Gaynor, agídí àwọn amọ̀kòkò tí kì í gba abọ́ láìyí i padà. Mo mú sukurudíráfà, mo ń kùn sínú bí mo ṣe ń tú sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sí ìyàlẹ́nu mi, ọwọ́ Neville dára. Wáyà kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ, ó fún dáadáa. Gaynor fi ìdè kékeré so wáyà pọ̀ níbi tí a ti yọ wọ́n, kí ọ̀nà iná má bàa já. Ó tún ẹ̀rọ tẹ̀. Nọ́ńbà kò kúrò níbi tó wà.

Ìkùnsínú mi parí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan lórí wáyà mọ́, iná ṣì ń jò. Àwọn bàbá wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú fóònù ni làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ wà nínú ògiri ibì kan.

Ọ̀nà tí a fi ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò le, sùúrù ló gbà. A já wáyà láàárín, a dán apá kìíní wò, a dán apá kejì wò. Ìsàlẹ̀ mọ́. Òkè ló bàjẹ́. A tún pín òkè. Yàrá Neville mọ́. Ó ku yàrá aláwọ̀ ewé.

Gaynor jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn, ó ń wo ògiri. Ó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan pẹpẹ. Ohun tí gbogbo oníṣẹ́ iná mọ̀ nílẹ̀ yìí, tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lórí fóònù kò mọ̀, ni pé wáyà máa ń gba inú ògiri sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì. O kò gbọ́dọ̀ kan nǹkan mọ́ òkè rẹ̀ gan-an. Kí wáyà fóònù má bàa balẹ̀ ni Neville ṣe kan pẹpẹ síbẹ̀. Ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni, kò ní ronú kan pẹpẹ sórí rẹ̀ láéláé.

“Tan iná padà fún mi,” Gaynor wí.

Mo so wáyà tí a já pọ̀, mo tan án. Ó mú ọ̀pá ìdánwò, ó fi ẹnu rẹ̀ kìíní kan irin tó gbé pẹpẹ ró, ó fi ẹnu kejì kan irin amúlégbóná tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀pá náà tan pupa, ó sì han. Irin pẹpẹ ọmọdé ni iná wà lára rẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọwọ́ kan dì í mú, tó sì fi ọwọ́ kejì kan irin amúlégbóná, iná yóò gba àyà rẹ̀ kọjá.

Gaynor pe Neville wọlé, ó fi hàn án. Kò pariwo, kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn wé e.

“Ìṣó tí ẹ yí wọlé ti gún wáyà. Kò gún un já, torí ẹ̀ ni fíúsì ò ṣe já. Ṣé ẹ ò mọ nǹkan kan lára nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án?”

Neville wo ọwọ́ rẹ̀. “Ọwọ́ yìí kì í mọ nǹkan kan lára.”

Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ibùsùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló bà á nínú jẹ́, mo ti ń wá ohun tí mo fẹ́ sọ.

“Keeley wá síbí lọ́jọ́ Sunday,” ó wí. “Rukhsana ló mú un wá kó wá wo yàrá. Ó fọwọ́ kan pẹpẹ yẹn, ó fà á padà. Ó ní, ‘Bàbá àgbà, pẹpẹ yìí ń jáni.’ Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kápẹ́ẹ̀tì tuntun ló fà á, pé kápẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń ta ni lọ́wọ́. Ó tún ní, ‘Rárá, pẹpẹ ni.’ Mo ní kó yéé dá ẹ̀rù ba ara rẹ̀. Kò wí nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi lọ.”

Mo rí ọmọ náà lójú mi kedere bó ṣe ń dákẹ́.

“Má kọ ìwé kankan,” Neville wí. “Jẹ́ kí wọ́n mú un lọ sétí òkun. Ó yẹ kó wà lọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́n.”

Ìgbà yẹn ni inú bí Gaynor. N kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ dìde lórí ibùsùn ọmọ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀ mí kí n kọ ìwé láìwò, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bẹ̀ mí kí n má kọ ọ́ mọ́? Wáyà gígùn tó apá mi ló bàjẹ́. Mà á pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Mà á fi ẹ̀rọ tó ń já iná kí ó tó pa èèyàn sídìí fíúsì yín, torí ó ti yẹ kó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ìyẹn ni ọwọ́ mi lè ṣe. Ohun tí ọmọ sọ fún yín tí ẹ ò gbọ́, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ oníná.”

Neville dìde. Òun ló bá wa kó ẹrù kúrò ní yàrá, òun ló gbá eruku ògiri tí a gé. Nígbà tí a dá gbogbo rẹ̀ padà, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀, nọ́ńbà ròkè lọ réré. Nígbà tí a wá dá wọn padà sára ògiri, ó wálẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ kí ó wálẹ̀. Gaynor kọ ìwé náà pé ilé yẹ. Machin pè lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbé e.

A ṣì ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Rukhsana Mirza dé. Gaynor na ìwé sí i. Rukhsana ti fẹ́ fi í sápò, inú rẹ̀ dùn, nígbà tí Neville ní kó dúró. Mo fi ojú sọ fún un kó dákẹ́. Ìwé ti jáde, iná ti dára, kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n bàbá náà rò ó fún un látòkèdélẹ̀: pẹpẹ, ìṣó, ọ̀rọ̀ tí Keeley sọ, ẹ̀rín tí òun rín.

Rukhsana fi ìdí kan àga. “Ọ̀gbẹ́ni Bloor, ṣé ẹ mọ̀ pé mo ní láti sọ èyí fún àwọn ọ̀gá mi?”

“Mo mọ̀.”

“Wọ́n lè ní kí ọmọ má wá mọ́.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé nǹkan ń dun òun, mo ní kò dùn ún. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ mọ̀.”

Rukhsana jáde lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti pe àwọn ọ̀gá rẹ̀. A dúró. Neville fọ ife tó ti fọ̀. Gaynor, tí kì í lè dúró jẹ́ẹ́, jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí Rukhsana padà wọlé, ó ní wọ́n ní kí Keeley wá, pé òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ lọ. Neville ń mi orí pé òun gbà.

Lọ́jọ́ Saturday, a padà lọ mú àkàbà tí mo gbàgbé sẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ Rukhsana ló gbé Keeley dé lásìkò yẹn, pẹ̀lú àpò kan àti ìrọ̀rí rẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn. Ó gòkè lọ, a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró.

“Pẹpẹ dà?”

Neville ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ lórí orúnkún. “Mo yọ ọ́. Ó ń jáni, bí o ṣe sọ. Kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Ìwọ lo sọ òótọ́, èmi ni mi ò gbọ́.”

“Mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi. Má bínú, ọmọ mi. Tí o bá tún ní nǹkan ń dùn ọ́, mi ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Mà á dìde ni, mà á lọ wò ó.”

Èmi àti Gaynor wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àkàbà, a kò mọ̀ bóyá ká jáde tàbí ká dúró.

“Omi ilé ìwẹ̀ yẹn náà gbóná jù,” Keeley wí. “Ó jó mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́.”

A gbọ́ tí Neville yí padà lórí àtẹ̀gùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì lọ wò ó.